Ọkọ̀ Tí Bàbá Mi Kì í Pa

Ọkọ̀ tó fẹ́ ìyàwó fún mi kì í jí bó bá ti gbóná. Lọ́rì àtijọ́ kan ni, tí bàbá mi fi ń kó pákó kiri Pọ́tákọ́ọ̀tù. Láàárọ̀, bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, á jí, á sì máa kùn títí gbogbo àdúgbò á fi mọ̀ pé bàbá mi ń lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó ti rìn dé Oyigbo, kí ara rẹ̀ ti gbóná, kí ẹnì kan wá ṣèèṣì pa á, ó parí nìyẹn. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí kí ọwọ́ yín bó, "tá" kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ó wá jókòó dè é kó tutù. Tó bá tutù tán, á jí bí ẹni tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ìyá mi kì í pè é ní ọkọ̀. "Orogún mi" ló ń pè é. Bàbá mi ò fẹ́ ju ìyàwó kan lọ láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí bó ṣe máa ń jí ní ìdájí lọ wo ọkọ̀ náà, tí á máa nù ún lójú, tí á máa bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á mọ̀ pé ìyá mi ò parọ́. Àwọn ará Pọ́tákọ́ọ̀tù ń pe bàbá mi ní Alájì nítorí fìlà orí rẹ̀. Kò dé Mẹ́kà rí. Ìyá mi a máa bi wọ́n léèrè pé èwo ni ì bá gbé e lọ, ṣé orogún òun tí kò ṣeé pa nílé epo yẹn?

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí àwọn òbí mi ti wá, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ní irú àìsàn yìí á wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan páàkì sí. Bó bá fẹ́ lọ, á jẹ́ kí ọkọ̀ yí wálẹ̀, á sọ jíà sí i, ọkọ̀ á jí. Pọ́tákọ́ọ̀tù ò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí bàbá mi mọ̀ ni ti afárá tó gba orí títì kọjá, ó sì páàkì síbẹ̀ lọ́jọ́ kan láti ra búrẹ́dì. Àwọn ọlọ́pàá tó bá a níbẹ̀ ò béèrè ọ̀rọ̀ búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ rárá.

Ohun tó wá pinnu ni pé òun ò ní pa á mọ́. Tó bá ti jí láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á já pákó lára rẹ̀, á máa kùn. Bàbá mi á jẹ ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á máa kùn. Ilé epo kì í ta dísẹ́ẹ̀lì fún ọkọ̀ tó ń kùn, nítorí náà inú kẹ́ẹ̀gì ló ti ń ra tirẹ̀, á gbé e dé ẹ̀yìn ọgbà wọn, á fi àrọ dà á sí i níbẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ló máa ń fi í sí, á ní kí èmi, ọkùnrin tó ti ní irùngbọ̀n, jókòó sínú rẹ̀ kí wọ́n má baà wà á lọ. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí lọ́jọ́ tí mo gbọ́ wàásù lẹ́nu ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí Lèmọ́mù ń bá àwọn kan wí tí ara wọn wà nínú sáàfù ìrun tí ọkàn wọn ṣì wà nínú mọ́tò. Wọ́n ní gbogbo mọ́ṣáláṣí ló yíjú wo bàbá mi. Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyá mi pé wàásù ọjọ́ náà dára gan-an, ó kàn dun òun pé àwọn tí wọ́n ń bá wí kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ búútà dé. Eneka la wà lọ́jọ́ náà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé tuntun lọ́tùn-ún lósì, ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń já pákó bá nawọ́ pa ọkọ̀. Ó rò pé òun ń ṣe wá lóore ni. Bàbá mi bínú, ó pariwo, ó sì rí i pé àkókò Àlàásárì ti tó, ló bá fi ìbínú ṣe àlùwàlá. Omi ṣẹ́kù nínú búútà rẹ̀. Ó wo sítátà, irin tó máa ń yí ẹ́ńjìnnì kó lè jí, ó rí i pé ó gbóná fòò, ó pe Bìsìmílláì, ó sì da omi yòókù lé e lórí. Ó lọ kírun. Nígbà tó padà tó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ jí.

Ọjọ́ náà ni bàbá mi gbà pé omi àlùwàlá ni oògùn rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, búútà ò kúrò lẹ́sẹ̀ ìjókòó rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ṣèèṣì pa ọkọ̀, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa rọ omi sí sítátà díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ á máa mì. Ó máa ń pẹ́ lórí ẹ̀, nígbà míì omi búútà ẹyọ kan kì í tó. Bí ọkọ̀ bá jí, á wò wá lójú bí ẹni tó ti bá wa sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. "Ó dáa," ni ìyá mi wí. "Ẹ ti ń ṣe àlùwàlá fún orogún mi. Ìgbà wo lẹ máa fi í sílé kéú?"

Iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Oyigbo ni ọkọ̀ náà gbé kú, tí mo fi rí ìyàwó mi. Búútà ti gbẹ lọ́jọ́ yẹn. Àǹtí rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń bá a tajà. Ó jáde sí wa, ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Oga, una motor dey block customer." Mo ṣàlàyé fún un pé ó gbóná ni, pé tó bá tutù á lọ. Ó bi mí pé báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó. Mo ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó wò mí, ó wo ọkọ̀, ó wọlé lọ gbé bẹ́ǹṣì kan jáde, ó ní bí a bá máa dí ọ̀nà òun, ó kéré tán ká jókòó. A jókòó. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa tutù, mi ò fẹ́ lọ mọ́.

Ọmọ Isiokpo ni. Oko ẹ̀gẹ́ ni bàbá rẹ̀ ń ro, ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi kó bi ọ́ ní ìbéèrè kan kó sì dákẹ́ máa wò ọ́. Ìyàwó mi sọ ohun tó wà ńlẹ̀ fún mi kí a tó lọ kí wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti kọ́kọ́ fẹ́ ará ọ̀nà jíjìn kan. Ọkùnrin náà fi ìkánjú wá tọrọ rẹ̀, ó fi ìkánjú san ohun tí wọ́n ní kó san, ó gbé e lọ, ojú sì ti pọ́n bàbá wọn láti rí ọmọ náà. Bàbá ti búra pé òun ò tún ní fi ọmọ fún ẹni tí kò bá lè jókòó. "My papa no like hurry-hurry people," ló sọ fún mi. "Tell your papa. Make una siddon well." Tí bàbá rẹ̀ bá kọ̀, ó ní òun ò ní bá mi sá, kí n má tan ara mi jẹ.

Mo sọ fún bàbá mi. Ó ní, "Ta ló ń kánjú?" Ó ti wà nínú ọkọ̀ nígbà tó fi ń sọ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí kúlọ́ọ̀ṣì.

Ọkọ̀ náà la gbé lọ, nítorí a ò ní òmíràn. Bàbá mi, ìyá mi àti èmi wà níwájú. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi tó bá wa lọ jókòó lẹ́yìn níbi tí pákó máa ń wà, lórí àga oníke, pẹ̀lú agbádá, wọ́n sì fi okùn so àga mọ́ra. Nígbà tí a fi máa dé Isiokpo, eruku ti sọ fìlà gbogbo wọn di àwọ̀ kan náà. Ìyá mi ti yọ búútà kúrò nínú ọkọ̀ kí a tó gbéra. Ó ní òun ò fẹ́ kí àwọn àna òun rí kẹ́tùlù lẹ́sẹ̀ dírẹ́bà, kí wọ́n má baà rò pé inú ọkọ̀ là ń gbé.

Bàbá mi páàkì sí iwájú ilé wọn gan-an, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa kùn. A wọlé. A dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbà Isiokpo tó jókòó níbẹ̀ dìde fìrì, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀, ó rò pé nǹkan wa kan ló bọ́ sọnù. Ìyàwó mi ṣàlàyé fún wọn láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Wọ́n jókòó padà, wọ́n gbé obì wá.

Bàbá ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọkọ̀ ń dá a lóhùn. Ó gbé ohùn sókè, ọkọ̀ ò rẹ ohùn sílẹ̀. Fèrèsé ń gbọ̀n. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ̀ fi ọwọ́ sẹ́tí. Nígbà tó yá, bàbá dákẹ́, ó wo ojú fèrèsé, ó ní, "Who still dey inside that motor?"

"Nobody!" ni bàbá mi fi igbe dá a lóhùn.

"So the motor dey wait for who?"

Gbogbo ìdáhùn ló wà láyé. Bàbá mi lè ní kò ń dúró de ẹnikẹ́ni. Ó lè ní ara rẹ̀ ò yá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "E dey wait for us!"

Ìyá mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Mo rí i bí bàbá ìyàwó mi ṣe rọra fi ẹ̀yìn ti àga. Mo rí ọwọ́ ìyàwó mi tó lọ sórí lẹ́yìn kọ́tìnì. Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo jáde síta níṣojú gbogbo wọn, mo na ọwọ́ wọ inú ọkọ̀, mo pa á.

Ibi gbogbo pa lọ́lọ́. Mo gbọ́ adìyẹ tó ń já koríko. Nígbà tí mo wọlé, bàbá mi ń wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọmọ òun pa èèyàn. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí a wá sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi ò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ara sítátà ni ọkàn rẹ̀ wà.

Wọ́n gbọ́ tiwa, wọ́n ní àwọn á ronú sí i. Ohùn tí wọ́n fi sọ ọ́ kò dùn mọ́ mi nínú. A dìde, a kí wọn, a bọ́ sínú ọkọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi so àga wọn mọ́ra, gbogbo ilé jáde wá juwọ́ sí wa. Bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́. "Tá." Ó tún un yí. "Tá." Ó nawọ́ sábẹ́ ìjókòó, kò rí búútà. Ó wo ìyá mi. Ìyá mi wo ìta.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún òun lómi. Ìyá ìyàwó mi fúnra rẹ̀ wọlé lọ bu omi tútù sínú gíláàsì, ó gbé e sórí àwo, ó fi aṣọ funfun bò ó. Bàbá mi dúpẹ́, ó gbà á, ó tẹ̀ ba, ó rọ gbogbo rẹ̀ sórí sítátà. Omi gíláàsì kan lórí irin tó gbóná tó bẹ́ẹ̀! Ó kàn hó ṣààà ni, ó di èéfín. Àwọn àgbà wo ara wọn lójú.

"Na the motor thirsty," ni ọ̀kan nínú wọn wí.

Bàbá mi ní kí wọ́n bù sí i. Bàbá ìyàwó mi mi orí. Ó ní omi tó wà nílé kò ju èyí tí èèyàn máa mu lọ, iná ò tíì dé kí wọ́n fa omi míì. Ó na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Come inside. Make e cool by himself."

Bí a ṣe padà wọlé nìyẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí a ò tíì sọ, nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èyí tí a ò gbèrò. Wọ́n gbé fùfú àti ọbẹ̀ ẹja wá. Bàbá mi jẹ ẹ́, ó béèrè bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́ wọn, ó sì sọ fún wọn bí àwọn èèyàn tiwa ṣe ń sá tiwọn sórí àpáta kó lè di láfún. Bàbá ìyàwó mi ò gbà pé èèyàn gidi lè sá ẹ̀gẹ́ sórí òkúta. Wọ́n jà sí i. Láti orí ẹ̀gẹ́, wọ́n bọ́ sórí orúnkún tó ń dùn wọ́n, láti ibẹ̀, wọ́n bọ́ sórí ọmọ tí kì í gbọ́ràn, bàbá mi sì tọ́ka sí mi láìbojúwẹ̀yìn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìrètí mi sọjí díẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ tó jí. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe dáhùn, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo rò pé bàbá ìyàwó mi á sọ̀rọ̀ wàyí. Ó wá bá wa ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó di ilẹ̀kùn mú, ó wo bàbá mi. Ó ní òun gbádùn wa. Ó wá ní, "But today, na motor hold you. You siddon because you no fit go. I want make you come back with motor wey fit go, make I see whether you go siddon." Ó ní ọjọ́ náà lòun máa fún wa ní èsì.

Lójú ọ̀nà, bàbá mi ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ò yé òun. Ìyá mi ní ó yé òun. Ìyàwó tí mo fẹ́ràn wà lọ́wọ́ sítátà.

Riwáyà tó ń bá bàbá mi tún iná ọkọ̀ ṣe jẹ́ ọmọ Ìlọrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òun ló kọ́kọ́ ní bátìrì ni, a pààrọ̀ bátìrì. Ó ní sítátà ni, a pààrọ̀ sítátà. Ó ní wáyà ni, ó tú gbogbo wáyà, ó sì tún un dì. Lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, á sùn dé ọjọ́ kejì kó tó wá dán an wò láàárọ̀ kùtù, ọkọ̀ á jí, á ní, "Alájì, ẹ ò rí i?" Ta ni ò ní jí láàárọ̀ kùtù?

Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án láàárọ̀. Mo wà á lọ sí Oyigbo, mo wà á bọ̀, mo páàkì sínú ọgbà ilé wa níṣojú riwáyà, mo pa á. Mo ní kó ṣiṣẹ́ wàyí. Ó yí kọ́kọ́rọ́, "tá." Ó wò mí bí ẹni pé mo dalẹ̀ rẹ̀.

Bàbá mi ti gbé búútà dé. Riwáyà ní omi àlùwàlá kọ́. Bàbá mi ní ṣé òun ló ń pè lópùrọ́. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà lórí ẹ̀sìn. Mo bá wọ inú ilé, mo gbé abọ́ omi tí ìyá mi fi fọ ìrẹsì, mo da gbogbo rẹ̀ sórí sítátà wọ̀ọ̀, mo tún padà lọ bu ti kànga lé e. Nígbà tí èéfín lọ, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ jí.

Bàbá mi dúró, búútà lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ṣe mí láàánú. "Omi ìrẹsì?" ló ń bi mí. "Omi ìrẹsì?"

"Òtútù ni, Bàbá. Òtútù ló ń fẹ́. Ooru ló ń dá a dúró."

Kí ló wá ń gbé ooru wá sí i? Riwáyà tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní páìpù èéfín gba ẹ̀gbẹ́ sítátà kọjá, kò sì sí ohunkóhun láàárín wọn. Ó ní ihò bóòtù méjì wà níbẹ̀ lásán. "Nǹkan kan ti wà níbí rí. Páànù kan ni, ó máa tẹ̀ báyìí, á sì ní ihò méjì, òun ni kì í jẹ́ kí ooru páìpù bá sítátà. Ẹnì kan ló yọ ọ́."

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ẹni tó ta ọkọ̀ fún un. Ó ní olè ni, ìran olè ni, ó sì máa rí i. Ìyá mi wà nídìí ààrò èédú rẹ̀, ó ń dín dùńdú. Ó fi ṣíbí tọ́ka sí páànù tó fi yí iná rẹ̀ ká kí atẹ́gùn má baà fẹ́ ẹ pa.

"Ṣé irú èyí ni?"

Gbogbo wa yíjú. Páànù náà tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí riwáyà ṣe fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Ó ní ihò méjì. Inú ọ̀kan ni ìyá mi máa ń fi ajẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọ́ sí.

Bàbá mi rọra gbé búútà kalẹ̀. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń padà sí i lọ́kàn díẹ̀díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀, páànù náà ń dún gbàgàgbàgà, kì í jẹ́ kó gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, ló bá tú u, ó fún ìyá mi, ó ní kó fi dáàbò bo iná rẹ̀. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní ọkọ òun mọ ìtọ́jú.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Yéè! Aṣọ orogún mi ni mo fi ń dáná láti ọjọ́ yìí! Ìhòòhò ni ẹ jẹ́ kó máa rìn kiri ìlú!"

"Gbé e wá," ni bàbá mi wí, láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ jẹ́ kí dùńdú mi jiná ná."

A dúró títí dùńdú fi jiná. A jẹ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni riwáyà de páànù náà padà, pẹ̀lú èéfín àti òróró lára rẹ̀. A wa ọkọ̀ dé Oyigbo, a pa á níwájú ṣọ́ọ̀bù àǹtí ìyàwó mi, bàbá mi sì yí kọ́kọ́rọ́ kó tó di pé a rí àyè bẹ̀rù. Ó jí. Bàbá mi fi orí lé sítíárì.

A padà sí Isiokpo. Bàbá mi páàkì síbi tó páàkì sí tẹ́lẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì níṣojú gbogbo wọn, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sókè kí wọ́n lè rí i. Àwọn àgbà mi orí. A wọlé, a jókòó. Mo ti sọ fún un lẹ́ẹ̀kan, mo ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì, pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní lónìí ni kó jókòó.

Obì kò tíì yí ká tí bàbá mi fi dìde. Ó jáde, ó lọ jí ọkọ̀. Àwọn àgbà rò pé ó ń lọ, wọ́n dìde láti dágbére fún un. "No o!" ló ń pariwo láti inú ọkọ̀. "I dey show una!" Ó pa á, ó padà wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín. A jókòó. Bàbá ìyàwó mi sọ gbólóhùn méjì, bàbá mi tún jáde. Ó ní wọ́n máa rò pé ti àkọ́kọ́ ṣèèṣì ni. Ọkọ̀ jí, àwọn àgbà tún dìde. Lẹ́yìn kọ́tìnì, ọwọ́ ìyàwó mi ti tún lọ sórí. Ó ṣe mí bíi kí n so bàbá mi mọ́ àga bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe so tiwọn.

Nígbà tó tún fẹ́ dìde, bàbá ìyàwó mi na ọwọ́ sí i, àtẹ́lẹwọ́ ló ṣí sókè.

"Bring key."

Bàbá mi kì í fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ yẹn láìsí iṣẹ́. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ náà. Ó wò mí. Mi ò mọ ohun tó rí lójú mi, ṣùgbọ́n ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Bàbá ìyàwó mi fi í sínú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì de bọ́tìnnì àpò náà.

"Now," ló wí, "siddon."

Bàbá mi jókòó. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún, ohun tí kì í ṣe níbi tí a bá lọ. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pariwo. Pidgin rẹ̀ kì í jáde dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. "I no dey carry your pikin go anywhere. My beard black when I enter Port Harcourt. See am now. Where I wan go?"

Bàbá ìyàwó mi wo irùngbọ̀n funfun náà. Ó wá pe ọmọ rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó bi í bóyá ó fẹ́ mi. Ìyàwó mi ní bẹ́ẹ̀ ni kí bàbá rẹ̀ tó bi í tán. Bàbá ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ìrọ̀lẹ́ ló tó dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, bàbá mi sọ Isiokpo di ilé. Ó ń lọ síbẹ̀ ju èmi ọkọ ọmọ lọ. Á lọ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n á jà lórí ẹ̀gẹ́. Bí ọjọ́ bá ti rọ̀, ìyá ìyàwó mi á bi í bóyá kò ní lọ sílé ni, bàbá mi á ní, "Engine still hot." Ọkọ̀ tó ń jí nígbàkígbà! Gbogbo wọn ló mọ̀ pé irọ́ ni. Bàbá ìyàwó mi á mi orí pẹ̀lú àánú, á ní òótọ́ ni, ẹ́ńjìnnì gbóná, kí wọ́n fi ọkùnrin náà sílẹ̀.

Eneka lèmi àti ìyàwó mi kọ́lé sí, àwọn òbí mi wá ń gbé pẹ̀lú wa nígbà tí bàbá mi ò lè wakọ̀ mọ́. A gbé lọ́rì náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn ọmọ mi máa ń gùn ún ṣeré, bàbá mi á sì máa pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan páànù abẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí bàbá mi kú, a sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Bàbá ìyàwó mi ò bá ìsìnkú. Ọjọ́ kejì ló dé láti Isiokpo, nínú bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n dì í mú lápá, nítorí orúnkún rẹ̀ ti burú. Ó jókòó nínú ọgbà, ó dojú kọ lọ́rì. A gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́. Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ wá bá a, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ kí wọ́n má baà pàdánù bọ́ọ̀sì.

"Una wait," ló wí. "Engine still hot."

Wọ́n padà lọ jókòó. Ó wá wo ibi tí mo dúró sí, ó na ọwọ́ sí mi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣí sókè. Ó yé mi. Mo wọlé lọ já kọ́kọ́rọ́ lọ́rì lára ìṣó, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó fi í sínú àpò àyà rẹ̀, ìyàwó mi ló bá a de bọ́tìnnì.

"This time," ni bàbá rẹ̀ sọ fún un, "I no collect am early."

Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìyá mi ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún àwọn ọmọkùnrin náà, pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa sùn.